Ipa Ẹsẹ̀ Tí Mo Gbá Nù

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, àdúgbò Marlborough là ń gbé níhìn-ín ní Calgary, nínú ilé kékeré kan tí fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń gbọ́ Yorùbá nínú train láàárọ̀, ẹ ò lè mọ bí ìlú yìí ṣe dá páropáro fún wa nígbà náà. Bí bàbá mi bá rí aláwọ̀ dúdú kan nínú mall, á fi wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, á lọ bá onítọ̀hún, á béèrè ìlú rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀, títí màmá mi á fi lọ fà á lápá. Ó fẹ́ràn èèyàn púpọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè mú kí ẹ rò pé èèyàn burúkú ni.

Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló gbé e wá. Òun ló máa ń yẹ òkúta tí wọ́n bá gbẹ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀ wò, tí yóò sọ bóyá epo wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lóṣù kan, ẹni tó ń jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ lọ́fíìsì lọ. Lóṣù kejì, ẹni apá òsì lọ. Lóṣù kẹta wọ́n gbé páálí kan fún òun náà pé kó kó ẹrù rẹ̀ sí i. Ní òpópónà wa, pátákó "For Sale" ń hù bí olú, nígbà tó sì yá, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ dúró de ẹni tí yóò ra ilé mọ́. Aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo, kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sunday kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ máa ń fa sìgá létí ọgbà onípákó tó pààlà sáàárín wa. Kò ká kọ́tìnì rẹ̀ kúrò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ṣì dúró lẹ́yìn kọ́tìnì náà tó ń wò wá, mi ò sì fẹ́ràn kí n máa wo ọ̀hún.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ ni sìgá bàbá mi ti di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá rìn dé ìkángun òpópónà, á dúró, á ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run, títí irora náà á fi rọlẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá dáadáa nínú iṣan ẹsẹ̀ náà mọ́, sìgá ló sì ń dí i. Ó ní bí kò bá jáwọ́, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà, àti pé ọkàn ló kàn lẹ́yìn ẹsẹ̀. Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló tún un sọ fún mi ní kíṣìnnì, kò sì fi nǹkan kan bò.

Dókítà náà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ó ní òùngbẹ sìgá kì í pẹ́, bó ti wù kó le tó, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ó ní kó máa mu omi tútù, kó fi nǹkan sẹ́nu, kó wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe, kó má sì dá jókòó. Ìmọ̀ràn òyìnbó nìyẹn, àwa náà wá fi ti ilé wa kún un. Màmá mi kọ̀wé sílé, ìyá rẹ̀ sì fi ìdì pákò kan rán ẹni tó ń bọ̀, pẹ̀lú orógbó nínú agolo mílíìkì. Bàbá mi wá di ẹni tó ń run pákò láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tí eyín rẹ̀ kì í mọ́. Èmi ni wọ́n fi ìrọ̀lẹ́ lé lọ́wọ́. Bí mo bá ti school dé, tí òùngbẹ náà bá gbé e, a máa ta lúdò títí yóò fi lọ. Mo máa ń mọ̀ bó bá ti dé, nítorí á gbàgbé àwọ̀ tirẹ̀, á máa gbé ọmọ lúdò tèmi rìn. Òógùn á bo iwájú orí rẹ̀ nínú otútù. Kò sí ohun tí mo bẹ̀rù nígbà náà tó ojú tó fi máa ń wò mí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó dí i lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí, inú màmá mi sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ tó wà nílùú máa ń péjọ gbàdúrà ní basement ẹnì kan lọ́jọ́ Sunday, ibẹ̀ ni màmá mi ti dìde láti jẹ́rìí. Ó ní Olúwa ti gba ọkọ òun lọ́wọ́ sìgá, pé ó ti tán pátápátá, kò tún ní padà mọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí bàbá mi bọ́ síwájú. Mo rí i bó ṣe dúró níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń fi àtàǹpàkò ra ìka méjì tó fi máa ń di sìgá mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tí wọ́n ti bá dúpẹ́ ìwòsàn ní gbangba, ibo ló fẹ́ gbé àìsàn náà gbà bó bá tún dé?

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti school dé, tí mo bá pákò rẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣì tutù. Bàtà otútù rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ipa ẹsẹ̀ nínú yìnyín, láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa títí dé ibi tí pákó kan ti yẹ̀ lára ọgbà. Mo jáde, mo tẹ̀ lé e, mo fi ojú kan wo apá kejì. Ẹsẹ̀ náà lọ tààrà sí yàrá onípákó kékeré tí aládùúgbò wa tó lọ máa ń kó irinṣẹ́ sí, èéfín sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo sáré padà wọlé. Kò pẹ́, bàbá mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé yípo wá, ó gba iwájú wọlé, ó ń jẹ súìtì onímíńtì.

Ó ní, "Mo lọ nasẹ̀ ni."

Mo ní, "Welcome, Daddy."

Aago márùn-ún ni màmá mi máa ń dé, ibi fèrèsé yẹn ló sì máa ń dúró sí fọ ọwọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo jáde, mo gbá yìnyín bo gbogbo ẹsẹ̀ náà.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í purọ́. Àgbà lè ṣì í sọ, àgbà lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní "irọ́ ni" fún bàbá rẹ̀, ẹnu ọmọ náà ló máa wú. Màmá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ní school, mo máa ń gbọ́ bí àwọn ọmọ òyìnbó ṣe ń bá òbí wọn jiyàn, mo sì máa ń káàánú wọn pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo tún rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, ojú ń bọ̀ wá ti màmá mi ní basement yẹn. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, mo sì ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ pẹ̀lú lè pa èèyàn. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbá a, àti lọ́jọ́ kẹta.

Ó di ohun ojoojúmọ́. Òun ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. A ṣì ń ta lúdò, ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ lúdò tèmi rìn mọ́, ó sì ti ń nà mí nínú ayò, èyí ló wá ń bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tiro sí i. Màmá mi á gbé e lé itan lálẹ́, á máa ra àwọn ìka tó ti tutù, á ní ọ̀rọ̀ yìí ò yé òun, sìgá ti lọ, kí ló tún kù? Ó sọ fún dókítà pé ọkọ òun kò fa sìgá mọ́, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn mìíràn kiri. Èmi jókòó sínú yàrá kan náà, mo ń ṣe homework mi.

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, otútù mú débi pé wọn ò jẹ́ ká ṣeré níta ní school. Mo dé, mo rí ipa ẹsẹ̀ tó ń lọ, mo gbá a bí mo ṣe ń ṣe, mo sì jókòó dè é pé kó gba iwájú wọlé. Kò wọlé. Aago mẹ́rin lù, kò wọlé. Nígbà tí màmá mi dé, èmi nìkan ló bá.

"Daddy ẹ dà?"

"I don't know, Mummy."

"Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹ?"

"No, ma."

Ó lọ síbi fèrèsé. Mo rí i bó ṣe wo ẹ̀yìnkùlé láti ọ̀tún dé òsì. Yìnyín náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ẹsẹ̀ ológbò níbẹ̀. Ó ní, "Kò gba ẹ̀yìn. Mall ló máa lọ, bóyá òùngbẹ yẹn ló tún ń dà á láàmú. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o." Ó tún kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó gba iwájú jáde.

Mo dúró síbi tó dúró sí. Ilẹ̀ ń ṣú. Mo wọ bàtà otútù mi, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó ti jáde níbẹ̀, bóyá òun àti màmá mi á jọ dé. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, bíi wákàtí kan ni mo sì fi dúró níbẹ̀. Màmá mi padà dé lóun nìkan, yìnyín ti dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbé tẹlifóònù láti pe ọlọ́pàá.

Mo ní, "Mummy, I swept the snow."

"Kí lo gbá?"

"His footprints. I sweep them every day." Mo wá nawọ́ sí ilé tó ṣófo náà.

Màmá mi wò mí. Kò lù mí. Ó sáré jáde láìwọ kóòtù.

Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló kọ̀ lábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá onípákó náà. Ó ṣubú, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, kò lè dìde. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ ní òpópónà tí èèyàn ti kó lọ tán, tí àwa náà sì ti ti gbogbo fèrèsé pa nítorí otútù? Wọ́n fi áńbúláǹsì gbé e. Ó yè, àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà ní bóyá wákàtí tó fi wà níbẹ̀ kẹ́yìn ló fa èyí tó pọ̀ jù, bóyá kò sì rí bẹ́ẹ̀, pé ẹsẹ̀ náà ti ń kú tẹ́lẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì mọ èwo ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n mú mi lọ kí i. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n wá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń rí ẹ lójú fèrèsé yàrá onípákó yẹn. Mo jẹ́ kó o máa gbá a." Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, inú òun dùn, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá bú sẹ́kún. Mi ò rí i kí bàbá mi sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Nígbà tó dé ilé, òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin tuntun. Bí òùngbẹ bá dé, á pariwo, "Ó ti dé o," ì báà jẹ́ pé àlejò wà ní pálọ̀, gbogbo wa á sì fi ohun tí à ń ṣe sílẹ̀, a ó lọ jókòó tì í títí yóò fi kọjá. Ó ní bí mo bá gbóòórùn sìgá lára òun, kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ níwájú pásítọ̀. Ó fi igi méjì rìn lọ sí basement yẹn, ó dìde láàárín wọn, ó ní òun ò tíì bọ́, òun ṣì ń jà ni. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí à ń lọ, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọdún mẹ́fà gbáko la fi gbọ́ "Ó ti dé o" nílé wa kó tó dákẹ́. Bàbá mi kò tún fa sìgá mọ́ títí ó fi kú, ó sì fi ẹsẹ̀ onígi rẹ̀ jó níbi ìgbéyàwó mi.

Ayé ti yí padà. Lónìí, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá láti fi pa òùngbẹ sìgá, wọ́n ní ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn. Sìgá fúnra rẹ̀ ti pa aṣọ dà, ó ti di ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní vape, tí èéfín rẹ̀ ń rùn bí èso. Ohun tí kò yí padà ni pé epo tún já wálẹ̀, ó sì tún já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn, títí kan ọkọ ọmọ mi. Ní àdúgbò Mahogany ni wọ́n ń gbé, nínú ilé ńlá tó wà létí adágún. Dókítà ti kìlọ̀ fún ọkọ náà pé kó ṣọ́ ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn fún mi pé kò sí wàhálà, pé òun wà dáadáa.

Lọ́jọ́ Sunday kan tí mo lọ sọ́dọ̀ wọn, à ń jẹun ni ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbójú sókè.

Ó ní, "Grandma, Daddy smokes in the garage. The mango one. He said don't tell Mummy because of his heart."

Ọmọ mi yí sí i kíá. "Hey! You don't talk about your dad like that. Ṣé o ò rí Grandma níbí ni?"

Ọmọbìnrin náà sọ orí kọ́. Bàbá rẹ̀ ń wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Tún un sọ, ọmọ mi, kí màmá ẹ gbọ́ ọ dáadáa."

Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí sí màmá rẹ̀, ó tún un sọ.