Ibi Tí Bàbá Ti Dákẹ́

Àwọn èèyàn kan wà tí iṣẹ́ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kì í fi wọ́n sílẹ̀. Irú wọn ni Ohùn Àárọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi báírò pupa dá àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sílé iṣẹ́ rédíò, ó ń ka ìròyìn òwúrọ̀ títí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi sá wọgbó, tó wá jẹ́ Ohùn Àárọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ní rédíò, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ báyìí, olùgbọ́ ti yí rédíò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀gá wọn níbẹ̀ a máa pariwo lé wọn lórí pé, "Ẹ gé e! Ta ló fẹ́ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń mí?" Ohùn Àárọ̀ wá mọ̀ ọ́n gé ju ọ̀gá lọ. Yóò gé ikọ́, yóò gé èémí, yóò gé gbogbo "ẹ ò rí i" àti "kí ni mo ń sọ ná", ọ̀rọ̀ àgbà tó ń kálòlò yóò sì dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn èèyàn a máa kan sáárá sí i, kò sì burú, iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe nígbà náà.

Irú ọwọ́ yẹn náà ló gbé dé Ilé Ìtàn nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ilé Ìtàn ni wọ́n ti ń gba ohùn àwọn àgbà ìlú sílẹ̀, kí ọmọ tí wọn ò tíì bí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣojú rẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. Olùkọ́ ni, oníròyìn ni, kí la tún ń wá? Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà bó ṣe wà.

Bàbá rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí. Lọ́jọ́ òjò ńlá kan, ògiri kíláàsì kan wó lulẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa ọmọ mẹ́ta: ọmọ awakọ̀, ọmọ bíríkìlà, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí aránṣọ bí. Bàbá ti sọ ọ́ títí fún àwọn aláṣẹ pé ògiri náà ti sán, wọn ò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, omi kò jáde lójú rẹ̀. Ó dúró gbagidi, kò sọ nǹkan kan. Ohun tí ìlú rí nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì gbé kiri. Láti ọjọ́ náà, aránṣọ ò kí i mọ́. Bó bá rí Bàbá lápá ọ̀tún títì, apá òsì ni tirẹ̀.

Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ náà nílé rí. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ dé Ilé Ìtàn ló tó ní, "Gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Mo fẹ́ kí aránṣọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó kú."

Ó jókòó nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Bó bá ti dé orí ọmọ kan, yóò gbé ọwọ́ òsì sókè, bó ti máa ń ṣe ní kíláàsì nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún tó sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Òun náà á dákẹ́. Èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Yóò pẹ́ kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kó tó tún máa bọ́rọ̀ lọ. Ohùn Àárọ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ló ṣe? Ó gé e. Ó gé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dànù, ó gé ibi tí ohùn ti há, ó gé ibi tí ẹkún ti fẹ́ bọ́. Kò fi ibi ṣe é o, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá òun dùn létí àwùjọ ni. Ó sì tún ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní rédíò, ó pa ògidì ohùn tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ kí àyè lè gba ẹlòmíràn. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ó mú apá ọ̀tún lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí yàrá tí ìlú yóò ti máa gbọ́ àwọn ohùn náà ní Ilé Ìtàn pé. Alága ka gbogbo ibi tí Ohùn Àárọ̀ ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, tó ń bá Bàbá gbé, ló ti Bàbá wọlé lórí àga onítáyà. Òun náà ló lọ bẹ aránṣọ tó fi wá. Ẹ̀yìn pátápátá ni ìyá náà jókòó sí, kò tilẹ̀ gbé báàgì kúrò léjìká.

Ohùn Àárọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ohùn Bàbá jáde, ó já gaara.

"Mo kọ́kọ́ rí ọmọ awakọ̀. Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ọmọ bíríkìlà. Lẹ́yìn náà mo rí ọmọbìnrin aránṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó kú. A ránṣẹ́ pe àwọn òbí wọn."

Aránṣọ dìde. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Ọmọ mi! Bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù!" Ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ohùn Àárọ̀ wo Bàbá, Bàbá náà ń wò ó. Bàbá ti mọ̀. Kò bínú, ó kàn ń wò ó ni, ì bá sì sàn fún un kó bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dúró," Ohùn Àárọ̀ ní. "Kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Èmi ni mo gé e."

"O gé kí ni?"

"Ibi tó ti dákẹ́."

"Dá a padà síbẹ̀, kí n gbọ́."

"Kò sí mọ́, Mà. Mo ti pa á rẹ́."

Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Àbúrò rẹ̀ rọra sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò kàn lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mìíràn dí i ni?"

"Ti ta ni?"

Ìgbà náà ni Bàbá na ọwọ́ òsì, èyí tó kù fún un, sí ẹ̀rọ náà. Ó tún nà án.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ tún un tẹ̀," ni àbúrò wí, torí òun ló mọ èdè ọwọ́ yẹn nílé.

Ohùn Àárọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀. "Mo kọ́kọ́ rí ọmọ awakọ̀." Ọwọ́ òsì Bàbá gbéra sókè, Ohùn Àárọ̀ sì dá ẹ̀rọ dúró. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Èjìká Bàbá ń gbọ̀n. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ tún tẹ ẹ̀rọ. Wọ́n dé orí ọmọ bíríkìlà, ọwọ́ tún lọ sókè, ó tún dá a dúró. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

"Lẹ́yìn náà mo rí ọmọbìnrin aránṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú."

Ọwọ́ lọ sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Omi ń dà lójú Bàbá, ó ń kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Ìka Ohùn Àárọ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Gbogbo ohun tí rédíò kọ́ ọ ló ń pariwo nínú rẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn ń lọ! Kò tẹ̀ ẹ́.

Aránṣọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó rìn wá síwájú, ó gba ọwọ́ náà mú nínú afẹ́fẹ́ níbi tó wà.

"Ṣé ọwọ́ yìí ni?" ó bi í.

Bàbá mi orí pé òun ni.

Ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ náà lé itan ara rẹ̀, ó sì fi méjèèjì tirẹ̀ bò ó.

"Má tíì tẹ̀ ẹ́ o," ó sọ fún Ohùn Àárọ̀.