Kanwar àti Iléru Kẹta

Láti ìgbà tí sólà ti pọ̀ ní ilẹ̀ India ni iṣẹ́ Ghanshyam Kanwar ti yí padà, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun mẹ́ta péré ni à ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó ti iléru kẹta ní ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìlú wa, létí odò Hasdeo: kí èédú máa wọlé, kí iná máa jó, kí òun fúnra rẹ̀ má sùn. Nísinsìnyí, bí oòrùn bá mú, tí iná sólà kún ilẹ̀, wọn á ní kí iléru rẹlẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, tí gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n tàn nínú gbogbo ilé, wọn á ní kí ó gbéra. Irin tó ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́ a máa ṣàárẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ojú Kanwar pọ́n, èjìká rẹ̀ wọ́, ìrẹsì inú omi tó yẹ kó jẹ lọ́sàn-án sì di oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, àṣẹ dé: iléru tí kò bá lè rẹlẹ̀ dé ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀, láìfi epo ràn án lọ́wọ́, a ó pa á títí láé, a ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Phulbasan, aya Kanwar, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn kọjá ẹnu ọ̀nà, gbọ́ ọ.

"Ìwọ lè lọ," ni ó wí. "Èmi ò kúrò níbí."

Ọjọ́ ìdánwò iléru pé. Nivedita, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹnjiníà, dúró lẹ́yìn àga Kanwar. Tijau, igbákejì rẹ̀, jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tújú ká," ni Tijau wí. "Bí ẹ ṣe lejú mọ́ iná yìí, ó lè sá lọ."

"Panu mọ́. Nígbà tí mo ti ń ṣọ́ ọ, o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní."

Wọ́n ń pa àwọn ọlọ tó ń lọ èédú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iléru lè rẹlẹ̀. Iná iléru tí wọ́n ń wò lójú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo àgbà iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti kọ́ pé bí iná bá ti gbọ̀n, kí wọ́n fún un lépo kíákíá. Nítorí bí ó bá kú tí èédú sì ń dà wọlé, iléru lè bú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹnu tuntun, tí kì í jẹ́ kí iná kú bó tilẹ̀ kéré, sí ojú ibi tí èédú ń gbà wọlé.

"Bàbá, ó máa gbọ̀n, kò ní kú," ni Nivedita wí. "Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n."

Iná náà tún gbọ̀n. Kanwar ṣí epo.

"Bàbá!"

Ẹ̀rọ ti rí i. Ìdánwò ti bàjẹ́.

"Ṣebí mo sọ fún yín?"

"Ẹ sọ ọ́. Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́."

Nivedita mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn aláṣẹ ṣì fún wọn láàyè ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí Bàbá lọ sinmi kí ó tó padà wá.

"Màdáámù, bí mo bá tún jókòó síbẹ̀, màá tún ṣí i. Ẹ fi Tijau síbẹ̀."

Tijau kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, àga yín ni."

"Àga ilé iṣẹ́ ni. Epo ṣíṣí ò tíì mọ́ ẹ lára bíi tèmi. Lọ jókòó."

Ní ìdánwò kejì, Kanwar wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń gbọ́ bí àwọn ọlọ ṣe ń dákẹ́. Ó pẹ́ kí Tijau tó jáde, òógùn bò ó.

"Ó gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Kò kú o!"

"Epo ńkọ́?"

"A ò fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa."

Láti ọjọ́ náà, Tijau ló ni àga; wọ́n gbé Kanwar lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi nínú ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tó délé, Phulbasan bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní kò dun òun, ó kàn rẹ òun ni. Ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn kúrò mọ́.