Ọjọ́ tí Omi Di Ọ̀nì Lọ́wọ́ Mú

Ọ̀nì ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí pé ó lè pẹ́ lábẹ́ omi títí ọkàn àwọn tó dúró sókè á fi máa kọminú. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ ló ń ṣe ní dáàmù tí ìlú ti ń rí omi mu. Òun ló ń yẹ àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá tó sé omi wò, òun ló sì ń dí ibi tó bá ń jò. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú ilé tiwọn, bí òrùlé bá ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì, ńṣe ni ọkọ òun á kàn sún bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Omi náà ni iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, àmọ́ yunifásítì ni tiẹ̀ wà. Ó ní ọpọ́n gíláàsì gígùn kan níbẹ̀ tó lu ihò kékeré sí lára, ó sì ń wo bí ihò náà ṣe ń fa nǹkan mọ́ra. Ohun tó rí kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré tó fi sínú omi rẹ̀, tó bá jìnnà díẹ̀ sí ihò, kì í mira rárá. Tó bá ti wá sún mọ́ ọn bí àtẹ́lẹwọ́, ó ti lọ nìyẹn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa kọ́kọ́ da aró sómi," ló máa ń sọ. "Ibi tí aró bá sáré gbà, ibẹ̀ ló ń fà."

"Ọ̀mọ̀wé, kó o tó po aró tán, mo ti ṣiṣẹ́ dé ilé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn kan ń jò. Wọ́n ti fa omi yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè de pọ́ńpù tuntun mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá wọn sì fẹ́ kí wọ́n dí ibi tó ń jò kíá. Àbúrò gbé aró rẹ̀ dé. Ọ̀gá ní kò sáyè. Ọ̀nì wo ojú àwọn ọmọ iṣẹ́, ó dé akoto rẹ̀, ó wọlé sómi. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọn, rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn fún un àti wáyà fóònù tẹ̀ lé e lọ.

"Mo ti débẹ̀," ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù. "Etí ilẹ̀kùn ló ya. Mo ń fọwọ́ wá a."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó ti mú mi."

"Kí ló mú yín?"

"Ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti wọ inú ẹ̀ dé ìgúnpá."

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fa okùn na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Àbúrò gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má fà á. Apá á já kí omi tó fi í sílẹ̀." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Omi kún ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún, ẹ̀gbẹ́ tibí gbẹ. Gbogbo omi yẹn ló ń ti apá ẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi omi kún yàrá yìí. Tí méjèèjì bá dọ́gba, á tú u sílẹ̀."

Ọ̀gá bojú wo ìsàlẹ̀ yàrá náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì.

"Mọ́tò tuntun wà níbẹ̀."

"Apá bọ̀ọ̀dá mi náà wà níbẹ̀, sà."

Ọ̀gá pariwo pé kí gbogbo wọn gòkè. Ẹni tó kẹ́yìn fẹ́ padà lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ gòkè. Wíìlì tó ń ṣí páìpù ti dógùn-ún, kò fẹ́ yí. Géńdé méjì so mọ́ ọn kó tó dún kèù, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọlé.

"Mi ò mọ ìka mi mọ́," Ọ̀nì wí.

"Ẹ má jà. Ẹ rọra máa mí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Sọ fún ìyàwó mi pé..."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́. Ẹ sọ òmíràn."

"Mo ti ra páànù tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe. Ó wà lẹ́yìn ilé látìgbà yìí. Ọ̀lẹ ló ń ṣe mí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa àbúrò rẹ̀, omijé sì ti lé ròrò sí i lójú.

Omi bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Ó ń gun ògiri bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń dẹ̀," Ọ̀nì wí.

"Ẹ má tíì yọ ọ́."

"Mo ní ó ń dẹ̀!"

"Mo gbọ́. Ẹ ní sùúrù fún mi."

Àbúrò ń wo omi ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ti èkejì. Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì mọ́, ó ní, "Ó yá. Ẹ rọra."

Nígbà tí wọ́n fi fa Ọ̀nì gòkè, apá náà ti wú, ó dúdú bí aṣọ ẹ̀lú. Àwọn dókítà gbà á là, àmọ́ ìka méjì ò mọ ooru ò mọ òtútù mọ́ títí dòní. Mọ́tò bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀gá fajú ro fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi láìkọ́kọ́ da aró.

Nígbà tí ara Ọ̀nì yá, àbúrò rẹ̀ wá jókòó tì í.

"Kó tó mú yín, kí lẹ rí? Kí lẹ gbọ́ lára? Bó ti wù kó kéré mọ."

Ọ̀nì ronú gan-an, nítorí ó mọ̀ pé àbúrò òun fẹ́ kí àmì kan wà tó lè fi kọ́ àwọn òmùwẹ̀ yòókù.

"Kò sí nǹkankan," ó wí. "Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́."

Àbúrò tún bi í, bóyá ó gbàgbé ni. Kò gbàgbé.