Dígí Táyé

Orí mi ò tíì ga ju ẹnu ìkòkò omi lọ nígbà tí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí dígí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Pobè níbí, nílé ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ tó bá jí tí kò kí dígí yẹn kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìbejì ni ìyá àgbà, òun ni Kẹ́hìndé. Táyé kú ní kékeré. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ère fún un, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìbejì tó bá lọ, ṣùgbọ́n bàbá wọn ti di onígbàgbọ́, kò fẹ́ ère nínú ilé. Ló bá lọ ra dígí kan ní Àjàṣẹ́. Ọwọ́ idẹ ló ní, wọ́n sì fín ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí Kẹ́hìndé máa wo inú rẹ̀, ojú kan náà kúkú ni àwọn méjèèjì ní.

Bí a bá se ẹ̀wà, a ó bu ti Táyé síwájú dígí. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí, àgàgà bí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ sí i tán, tó tẹ́tí sí i, tó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

Lọ́dún kan, lákòókò ọyẹ́, àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Dígí ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Táyé ń pe òun, pé ọ̀hún tutù, òun á lọ bá a. Háà! Orí mi wú. Ìyá mi já dígí gbà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ní, "Táyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá àgbà ń sunkún: "Má dojú àbúrò mi bolẹ̀!" Ìyá mi gbé dígí náà kúrò níbẹ̀.

Ara rẹ̀ yá lóòótọ́. Inú wa dùn, a jó. Lọ́jọ́ tó lè dìde jókòó, wọ́n gbé dígí fún un. Ó wò ó títí.

"Arúgbó wo rèé? Táyé dà?"

Kò kí i mọ́ títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá mi tó gbà á lọ́wọ́ ikú kò lè wò ó lójú mọ́.

Ọwọ́ mi ni dígí wà báyìí. Ayé ti yí padà o. Ẹ̀yin ń wo ara yín nínú pọ́tábù, fóònù ọwọ́ yín yẹn, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ kì í kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi náà ti ń rò pé dígí lásán ni, àfi lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, tí ọmọ ọmọ mi tó wá láti Sakété mú un tó ń wojú. Iwájú ọmọ náà ni mo jókòó sí, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ògiri nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, àwọn ìyá méjì wo ló dúró lẹ́yìn mi yìí? Wọ́n mà jọra o."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi ju ẹ̀rù lọ. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó kí wọn.