Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Lórí Ewé Gbígbẹ

Ojú òsì ni mo fi ń wo inú kámẹ́rà. Ojú ọ̀tún ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n máa lò, òun náà ni mo sì lò títí mo fi dé Berlin, títí mo fi lọ́kọ níbẹ̀. Ọkọ yẹn ló sọ ọ́ di ojú òsì. Láti ọjọ́ tó ti gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ohunkóhun tí mo bá fi ojú ọ̀tún wò máa ń dà bí ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì tí omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ ṣá. Ojú kan tó onífọ́tò. Àwọn tó ní méjì náà máa ń di ojú kan kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Kí n tó lọ síwájú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí orúkọ tòótọ́ kankan nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Mi ò ní dárúkọ ìjọ wa, mi ò sì ní sọ ìlú tí a ń gbé báyìí. Ọmọ mi obìnrin, Moyin ni mo pè é níhìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni mò ń fi nǹkan pamọ́ fún. Ẹnì kan ṣoṣo ni, òun náà sì mọ̀wé kà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sá, mi ò sá jìnnà. Apá kejì Berlin ni èmi àti Moyin lọ, mo rò pé ìlú náà tóbi tó. Mò ń ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ kiri kí a lè jẹun. Níbi ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan fi fóònù ya èmi náà níbi tí mo dúró sí lójú títì pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn mi nínú fọ́tò yẹn, pátákó ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan hàn ketekete, orúkọ àdúgbò sì wà lára rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ mi ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ń retí mi. Ọkùnrin ará Turkey kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló já mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń bójú tó Frauenhaus, ilé tí wọ́n ń fi àwọn tí ọkọ ń lù pamọ́ sí, ni wọ́n gbé wa lọ sí Hamburg. Nígbà tó yá, a rí ilé ní Wilhelmsburg, àdúgbò kan níbẹ̀. Wọ́n bá mi ti àdírẹ́sì mi pa lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má lè lọ béèrè rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kankan tó lè ti fọ́tò pa.

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ló ní lọ́kàn. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju kan lọ: "Wo ẹ̀yìn kí o tó wo ojú." Ó ní òun ti ya ìyàwó ọ̀ṣìngín kan rí, tí ewúrẹ́ ń tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí òun kò rí i. Nígbà tí ìyá ọkọ gba fọ́tò, ó ní, "Bàbá Fọ́tò, ta ló pe eléyìí síbi ìgbéyàwó ọmọ mi?" Àwa ọmọṣẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wa.

Hamburg ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi. Kí n tó ya ẹnikẹ́ni, mo máa ń wá orúkọ òpópónà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, pátákó S-Bahn tó jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú, orúkọ ilé ìwé. Kámẹ́rà òde òní tilẹ̀ máa ń tọ́jú ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà láìsọ fún èèyàn. Mo ti pa ìyẹn nínú tèmi. Moyin fúnra rẹ̀, mi ò yà á rí àfi nínú ilé, níwájú ògiri funfun tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni à ń lọ. Ìjọ tiwa yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ mi ń lọ ní Berlin, ṣùgbọ́n tí àsìkò ìkórè bá tó, àwọn ìjọ wọ̀nyí máa ń pe ara wọn, kàlẹ́ńdà ìkórè ni wọ́n sì fi máa ń pe ara wọn. Ọkọ mi ni ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ tirẹ̀, tó ń fẹ̀rín pàdé èèyàn, tó ń júwe ìjókòó fún wọn. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, Sísítà Bùnmi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì fà mí lápá.

"Màmá Moyin, ẹ̀yin lẹ máa ya kàlẹ́ńdà ìkórè ọmọdé wa o. Ìta gbangba ni mo fẹ́, nínú ewé pupa wọ̀nyí, kí àwọn ọmọ máa ṣeré."

"Ó dáa, Sísítà. Ibo ni kàlẹ́ńdà náà máa dé?"

"Títí dé Berlin! Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé àwa náà bímọ."

Mo fẹ́ sọ pé ara mi ò yá. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn ni yóò yà á, ẹni yẹn kò sì ní mọ ojú tí kò gbọ́dọ̀ hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.

Mo kọ́kọ́ dá lọ wá ibi tí a máa lò. Mo rí i nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan: igi ńláńlá, ewé pupa àti ewé òféèfèé tó bo ilẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí pátákó, kò sí ilé tí èèyàn lè dá mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìkùukùu bo oòrùn, inú mi sì dùn sí i. Aṣọ funfun máa ń jóná nínú oòrùn, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ á kàn funfun báláú, ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Ìkùukùu ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ya aṣọ funfun.

Àwọn ọmọ dé pẹ̀lú ariwo. Wọ́n wọ sùtánà wọn, wọ́n sì bọ́ bàtà, torí pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ìbáà jẹ́ Èkó, ìbáà jẹ́ Hamburg. Sísítà Bùnmi ní kí wọ́n ṣe bojúbojú. Wọ́n ń fi Jámánì ka nọ́ńbà, wọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi, wọ́n ń da ewé lé ara wọn lórí. Moyin kò sí nínú wọn. Mo ti ní kó máa ṣọ́ bàtà. Ó jókòó ti òkìtì bàtà náà nínú sùtánà tirẹ̀, ó ń wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀, òun ni ìbá mọ̀ ọ́n sá pamọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Èmi ni mo kọ́ ọ.

"Warum spielt Moyin nicht mit?" Tómi, ọmọkùnrin tó lẹ́nu jù nínú wọn, ló béèrè ìdí tí Moyin kò fi bá wọn ṣeré.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni mo dáhùn.

"Bàtà kì í sá lọ, Tante."

Sísítà Bùnmi gbé fóònù sókè. "Moyin, dìde jàre, kí n yà yín pa pọ̀."

"Rárá!" Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Sísítà. Ẹ má fi fóònù ya ẹnì kankan." Ó wò mí, ó rọra fi fóònù sápò.

Moyin bá wá bá mi. Jámánì ló sábà máa ń fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún wọra, Yorùbá ló máa ń sọ. Ó ní, "Màmá, ṣé mi ò rẹwà ni?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá àgbà Jámánì kan dé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó dúró, ó na ìka sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí! Nínú òtútù yìí! Ta ló ni wọ́n? Mo máa pe ọlọ́pàá." Ó ti ń wá fóònù nínú àpò rẹ̀.

Bí ọlọ́pàá bá dé, wọ́n á béèrè orúkọ, wọ́n á béèrè ibi tí mò ń gbé, wọ́n á béèrè ta ni bàbá ọmọ yìí. Mo ti ń wo ibi tí mo lè fa Moyin gbà sá lọ.

Sísítà Bùnmi ló sún mọ́ ọn. "Ẹ má bínú, Màmá. Aṣọ Ọlọ́run ni wọ́n wọ̀, a kì í wọ bàtà sí i. Kò ní pẹ́, wọ́n á wọ bàtà wọn."

"Uns ist gar nicht kalt!" ni àwọn ọmọ ń pariwo, pé òtútù kò mú àwọn rárá. Tómi tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń mi ìka rẹ̀ sí ìyá àgbà náà lójú, láti fi hàn pé wọn ò tíì kú.

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ yẹn. Èmi náà wò ó, mo sì wo ìyókù: ẹsẹ̀ dúdú kéékèèké lábẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ funfun, nínú ewé pupa. Kò sí ojú kankan níbẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn kankan níbẹ̀ bí kò ṣe ewé.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ewé tútù yẹn, mo gbé kámẹ́rà lé ilẹ̀. "Moyin, wá!"

"Èmi?"

"Ìwọ. Gbogbo yín pátá. Ẹ sáré kọjá níwájú mi, ẹ máa fi ẹsẹ̀ ta ewé!"

Wọ́n sáré. Moyin sáré bí ẹni tí wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń kígbe, mo sì ń tẹ kámẹ́rà láìdúró. Láti orúnkún sísàlẹ̀ nìkan ni mo mú. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ajá ìyá àgbà ti kó wọ àárín wọn. Mo rántí ewúrẹ́ ọ̀gá mi, mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí a parí, ìyá àgbà náà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ọmọ tó kéré jù, ó sì ń bá gbogbo wa wí.

Nílé ni mo ti wá wo àwọn fọ́tò náà dáadáa. Nínú èyí tó dára jù, ẹsẹ̀ òsì Moyin ló wà níwájú, ọmọ ìka rẹ̀ tó kéré jù sì gun èyí tó tẹ̀ lé e lórí, bó ṣe wà láti ìgbà tí mo ti bí i. Mo fẹ́ pa fọ́tò náà rẹ́. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi léèrè: ṣé bàbá rẹ̀ mọ ìka yìí? Mo ro ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kò wẹ̀ ẹ́ rí. Kò gé èékánná rẹ̀ rí. Kò wọ bàtà fún un rí. Orí ìyẹn ni mo dúró lé tí mo fi fi fọ́tò náà sílẹ̀ fún wọn.

"Màmá Moyin, orí àwọn ọmọ dà?" ni Sísítà Bùnmi kígbe. "A ní kí ẹ ya ọmọ, ẹ ya ẹsẹ̀!"

Wòlíì wa ló gbà mí sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Mósè náà bọ́ bàtà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Ìkórè ti kọjá nígbà tí Sísítà Bùnmi wá bá mi nílé. Kò jókòó.

"Bùrọ̀dá kan pè mí láti Berlin," ó ní. "Ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wọn níbẹ̀. Ó ní òun ti gbé kàlẹ́ńdà wa kọ́ sí pálọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ń rán òun létí ọmọ òun tí ìyá rẹ̀ gbé sá lọ."

Mo lọ fa kọ́tìnnì bo fèrèsé.

"Ó ní ta ló yà á. Ó ní ìyàwó òun náà mọ iṣẹ́ yẹn."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ó wo ojú ọ̀tún mi, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. "Mo ní ìyá àgbà Jámánì kan tó ní ajá ni."

Mo dì mọ́ ọn. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, èmi náà kò ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan lè tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà kí ọdún kàlẹ́ńdà yẹn tó parí, mo ti kó wa kúrò ní Hamburg. Òun nìkan ni mo dágbére fún.

Mo ṣì ń ya fọ́tò. Àwọn èèyàn níbí máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ràn àtimáa ya ọwọ́, ẹsẹ̀, àti ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ tó ń sáré lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Moyin ti ń dàgbà, bàtà rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó há a. Tí mo bá ń gé èékánná rẹ̀, mo máa ń rò ó pé ọkùnrin kan jí lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko ní Berlin, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lára ògiri, kò mọ̀ ọ́n. Èmi di ẹsẹ̀ náà mú, mo mọ ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ wò ó bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn.