Ẹ Ṣé Lánàá

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a jọ lò kẹ́yìn, ìyàwó mi ń dín àkàrà. Ó ti rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ó ti bó o, ó ti lọ̀ ọ́, òórùn epo gbígbóná sì ti gba gbogbo ilé dé yàrá òkè. Ó dín tiwa tán, ó tún dín mẹ́fà mìíràn. Ó jẹ́ kí epo ro kúrò lára wọn, ó sì fi fóìlì wé wọn dáadáa, bí ẹni ń di ẹrù tó máa rin ọ̀nà jíjìn.

"Ta ló ni ìyẹn?" ni mo bi í.

"Bàbá kábéèjì ni. A fẹ́ lọ dúpẹ́ àná."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ẹ̀yin, Dádì. Ohun tí bàbá yẹn ṣe lánàá kọjá èyí tí mo lè dá lọ dúpẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin kò lè wà nínú ilé kó wá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni yóò máa dúpẹ́ ṣáá."

Mo wo aago. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Mulhuddart, àdúgbò wa ní Dublin, wọ ìgboro kì í dúró de ẹnikẹ́ni, mo sì tún ní láti wọ òmíràn dé èbúté, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí. Mo ní kó máa lọ, kó bá mi kí bàbá náà.

"Rárá o. Mo ti ń bá yín kí i láti bí ọdún mẹ́ta, ẹnu mi ti fẹ́ bó. Mo máa dúró dè yín."

"Kó di ọ̀la nígbà náà. Mo máa wà nílé lọ́la."

"Tó bá di ọ̀la, kì í ṣe 'ẹ ṣé lánàá' mọ́, 'ẹ ṣé níjẹta' ni. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó di àkàrà méjì sínú ọ̀rá fún mi, mo sì jáde.

Ilé tuntun ni gbogbo àdúgbò wa nígbà náà. Àwọn ọdún tí owó pọ̀ ní Dublin ni, tí kéréènì àwọn kọ́lékọ́lé ń nàró níbikíbi tí ènìyàn bá gbójú sí, tí gbogbo wa ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. A kò mọ ara wa. Ènìyàn á ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sínú mọ́tò, á ti inú mọ́tò bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Ọ̀pọ̀ ilé ní òpópónà wa, aláwọ̀ dúdú ló ń gbé inú wọn, láti Nàìjíríà, láti Kóńgò, láti Ghana. Síbẹ̀, àwa tí a ń lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ ara wa, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ara wọn, àwọn ará Ireland díẹ̀ tó wà láàárín wa sì ń mi orí sí wa láti òkèèrè. Ìyàwó mi máa ń sọ pé òun ti lo odidi ọdún kan níbẹ̀ láìmọ orúkọ ẹni tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló pín òun àti ẹ̀ níyà, bẹ́ẹ̀ òun ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń sín.

Lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ kan wà tí àwọn kọ́lékọ́lé da òkúta àti àfọ́kù bíríkì sí. Ìyàwó mi àti obìnrin ará Kóńgò kan ló lọ bá àwọn káńsù, tí wọ́n sì gbà kí àdúgbò máa dáko níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí ohun mìíràn fi ilẹ̀ náà ṣe. Wọ́n ṣa òkúta fún ọ̀pọ̀ Sátidé. Wọ́n ra ajílẹ̀. Nígbà tó yá, tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, pòtétò wà níbẹ̀, àlùbọ́sà, àti àwọn ewé tí mi ò mọ̀ títí di òní.

Ẹni tí ilẹ̀ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni àgbàlagbà ará Ireland kan, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, tó ń dá gbé ní ilé tó kángun. Abúlé ni wọ́n ti bí i. Kábéèjì rẹ̀ tóbi ju orí mi lọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ó gé ọ̀kan fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi dúpẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún lọ bá a, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, "Ẹ ṣé lánàá, sà." Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó gé kábéèjì mìíràn fún un. Kí ni ìbá ṣe? Ó gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó tún lọ dúpẹ́ ti àná. Bàbá tún fa ọ̀bẹ yọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, a jẹ kábéèjì títí mo fi bi í pé ṣé ewúrẹ́ ló fi mí pè. Ọmọbìnrin wa, tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin dáhùn, ló tú àṣírí náà sí wa nídìí oúnjẹ. Ó ní bàbá náà pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi òun jẹ́jẹ́ bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá òun. Ó rò pé ebi ń pa wá, pé ìyàwó mi ń tọrọ ni, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ gbangba.

Ojú tì mí gan-an. Mo ní kí ìyàwó mi má dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn mọ́.

"Kí n wá ṣe bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?" ló wí. Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó lọ bá a fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé. Àwọn tó wà nínú ọgbà ní ọjọ́ náà ní bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.

"Ní abúlé tèmi, mísìsì, bí ènìyàn bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a jẹ́ pé ó tún ń fẹ́ nǹkan. Mo rò pé ebi ń pa yín ni."

"Ebi kẹ̀? Ẹ wá wo fíríìjì mi, sà. Kábéèjì ti lé ẹran jáde nínú ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti ní kó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá. Bí ìyàwó mi bá fún un ní tẹ̀tẹ̀ lónìí, ó di ọ̀la, á dúró sí ẹnu géètì ọgbà, á ké e síta bí ẹni ń pe èrò wọkọ̀: "Ẹ ṣé lánàá!" Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Obìnrin ará Kóńgò gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn tọkọtaya ará Ireland tó ń gbé ọmọ wọn wá nínú kẹ̀kẹ́ gbà á, títí kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Nínú ọgbà yẹn, bí o bá yá ẹnì kan ní ṣọ́bìrì lónìí, o mọ̀ pé yóò wá bá ọ lọ́la. Bí kò bá wá, wàá béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Àwọn tí wọn kì í wo ojú ara wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wo ẹnu ọ̀nà fún ara wọn.

Èmi kì í sábà wà níbẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íbàdàn, mo mọ orúkọ oríṣiríṣi ilẹ̀ nínú ìwé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibùsùn ló kù tí mo ń fẹ́. Mo ń juwọ́ sí wọn láti fèrèsé òkè. Ìyàwó mi ń bá mi kí wọn.

Ní ọdún kẹta, ó gbin ata. Inú ilé ló ti kọ́kọ́ mú wọn hù, gbogbo ẹsẹ̀ fèrèsé wa kún fún ife oníke, ẹ̀rù òtútù kò sì jẹ́ kó lè kó wọn jáde. Bàbá náà rí fèrèsé àlòkù mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń tún ilé kan ṣe. Ó fi pákó kan àpótí ńlá kan, ó fi gíláàsì wọ̀nyẹn ṣe ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sórí ilẹ̀ wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ní ọjọ́ tó ṣáájú àkàrà nìyẹn. Ìyàwó mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lè jókòó. "Ó kọ́lé fún ata mi," ló ń wí ṣáá. "Dádì, bàbá yẹn kọ́lé fún ata mi."

Ní ọjọ́ kejì, kò lọ sí ọgbà. Ó ń dúró dè mí.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, ní ilé ìwòsàn, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún. Ó ní òun ti ń wo géètì ọgbà láti àárọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí kí òun fún un ní nǹkan kan kí ilẹ̀ mọ́ kó má wá. Nígbà tó di ọ̀sán, ara òun kò gbà á mọ́. Ó rìn wá sílé wa, ó kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ó gba ẹ̀yìn, ó sì rí i nílẹ̀ láti ojú gíláàsì ilé ìdáná. Òun ló pe áńbúláǹsì. Òun ló kúnlẹ̀ tì í, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé. Nígbà tí èmi yóò fi ti èbúté dé, ó ti parí.

Dókítà sọ pé iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí mi ò tíì yanjú, tí mo ti darúgbó lórí rẹ̀, tí ọmọ wa sì ti di ìyá ọmọ, ni èyí: àìlọ wa ló mú bàbá náà wá. Ká ní mo tẹ̀ lé e ní àárọ̀ yẹn, ọkàn bàbá ìbá balẹ̀, ìbá máa jẹ àkàrà rẹ̀ nínú ọgbà, ìyàwó mi ìbá sì dá wà lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n à bá ti jọ rìn lọ síbẹ̀, àwa méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti yí i síhìn-ín, mo ti yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣeé sùn lé.

Mùsùlùmí ni wá, a kì í pẹ́ sin òkú. Ọjọ́ kejì la sin ín. Bàbá náà wá nínú kóòtù dúdú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ń dà á pẹ̀lú wọn, jẹ́jẹ́, bí ó ti máa ń bo irúgbìn.

Ilé wa kún. Wọ́n sè, wọ́n fọ abọ́, wọ́n bá mi gba fóònù, wọ́n ní kí n ṣáà jókòó. Mo wá fóìlì àkàrà náà dé ilé ìdáná. Ẹnì kan nínú àwọn àlejò ti jẹ ẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kò sí iṣẹ́ kan tó kù fún mi nínú ilé náà, àfi ọ̀kan tí wọn ò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo wọ bàtà mi, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Bàbá náà wà nídìí àpótí ata, ó ń ṣí gíláàsì rẹ̀ kí oòrùn lè wọlé. Mo ti to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́nu láti ilé. Nígbà tí mo dúró níwájú rẹ̀, kò sí èyí tó kù.

"Ẹ ṣé lánàá, sà," ni mo wí, nítorí ṣọ́bìrì.

Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ ṣé níjẹta," nítorí ilé ìdáná. Kò mọ ìyẹn, ìyàwó mi kò tíì kọ́ ọ dé ibẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àpótí oní-gíláàsì. "Ẹ ṣé níjọ́sí."

Ó mi orí. "Grand," ló wí, pé ó dára, bí wọ́n ti máa ń wí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ilẹ̀ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé kábéèjì kan, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì gbé e lọ sílé.