Ibi tí Agbára Afẹ́fẹ́ Mọ nínú Kànga Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa tó ń gbé ní Àbújá, gbà pé kò sí ìṣòro kan láyé tí ẹ̀rọ ńlá kò lè yanjú. Ìyá wa ń gbé ní Ọ̀kà, lórí òkè, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, orúnkún wọn kò sì gbà kí wọ́n máa fami mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá ra pọ́ǹpù, ó gbé e sẹ́nu kànga, omi sì gun tánkì lọ. Ìgbà òjò ni, kànga kún.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi sá wọlẹ̀ lọ, pọ́ǹpù ń han bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ oòrùn, ẹ̀kán omi kan kò sì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé omi ò fi bẹ́ẹ̀ yọ, ó ra èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nílé wa, ohun tí àkọ́bí bá rà, ọpẹ́ la fi ń gbà á. A dúpẹ́, pásítọ̀ ta òróró sí pọ́ǹpù lórí. Omi kò yọ. Ìyá wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá pè láti béèrè omi, wọ́n á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," wọ́n á sì pe ẹni tó ń ta omi.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkàrẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni pé pọ́ǹpù ẹnu kànga ń fa omi. Ó kàn ń kó afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá kúrò ni. Afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ orí omi ló ń tì í gòkè. Afẹ́fẹ́ náà sì níbi tí agbára rẹ̀ mọ: bí omi bá ti jìn ju nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó parí nìyẹn. Lórí òkè bíi tiwa, ó tún fúyẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tirélà síbẹ̀, ibi kan náà lẹ ó bá a.

Ní Kérésì, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé. Ó ní bí èyí kò bá fami, Màámi ń bá mi lọ sí Ìkàrẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti tán. Ojú ìyá wa yí padà. A tan pọ́ǹpù, ó han, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń bú ẹni tó so wáyà.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ni ìyá wa wí. "Èkíní ò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀rùn rí. Èkejì náà ò ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kó dùn ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìwà ọmọlúàbí fi ilé mi sílẹ̀."

Èmi ni mo wá ṣàlàyé pé kì í ṣe títóbi rẹ̀, ibi tó wà ni: ká ra irú èyí tí wọ́n ń rì sínú omi, yóò máa ti omi látìsàlẹ̀, kò ní dúró de afẹ́fẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó rà á wá, ó sì ń sọ fún púlọ́ńbà pé òun ló ronú kàn án. Mo jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Omi yọ, ìyá wa pàtẹ́wọ́.

Inú mi dùn fún wọn. Ó sì dùn mí, kí n má purọ́. Mo ti kun yàrá kan dè wọ́n ní Ìkàrẹ́, mo ti ń ro ẹni tí a ó jọ máa jẹun alẹ́.

Nígbà tí mò ń padà sí Ìkàrẹ́, ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tó wúwo sì dí mi létí bó ṣe máa ń ṣe. Etí mi kò tíì là nígbà tí ìyá mi pè. Wọ́n ní kí n gbọ́ omi, wọ́n gbé fóònù sídìí ẹ̀rọ omi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Mo ń gbọ́ omi náà, Màámi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."